Bí A Ṣe Ń Mòòkùn Lórí Èémí Kan: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́kọ́ Gbìyànjú Rẹ̀ ní Erékùṣù

Bí ẹ bá ti dúró létí ọ̀sà ní Ìkòròdú rí láàárọ̀ kùtù, ẹ ti rí amòòkùn. Àwọn tó ń wa yanrìn ni mò ń wí. Ọkọ̀ wọn á dúró láàárín omi, wọ́n á ri àkàbà igi mọ́lẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á mú korobá irin, á fa èémí sínú, á sì tẹ̀lé àkàbà náà lọ sísàlẹ̀. Ẹ ò ní rí nǹkan kan mọ́ àfi ìfófòó. Nígbà tó bá máa fi jáde, korobá ti kún, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, á da yanrìn sínú ọkọ̀, á tún padà. Àbúrò bàbá mi ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Etí rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ nǹkan mọ́ báyìí. Bí a bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, apá òsì la máa ń jókòó sí.

Nígbà tí mo sọ nílé pé mo fẹ́ lọ sí Zanzibar, erékùṣù kan ní Tanzania, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn lórí èémí kan, láìgbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, wọ́n ní kí ni ọmọ etí ọ̀sà tún fẹ́ lọ kọ́ nípa omi. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo dé mítà mẹ́rin péré ni mo mọ̀ pé n kò tíì mọ nǹkan kan. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó mọ odò wẹ̀ lodò ń gbé lọ. Bí ìrìn àjò sí erékùṣù bá wà lọ́kàn yín, tó sì wù yín kẹ́ ẹ wo abẹ́ òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ mú ọ̀kan yìí dání: ẹ má ṣe mòòkùn láìsí ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú omi, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára yín. Màá sọ ìdí rẹ̀ bó bá yá.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Dókítà lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, wárápá, asíímà, tàbí etí tó ń ṣọyún kò gbọdọ̀ dá ìpinnu yìí ṣe. Kí aboyún dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ jínọ́táìpù, torí pé ọ̀rọ̀ ilé wa ni: ẹni tó bá jẹ́ SS, kó má ṣe é. Bí ọ́síjìn bá ti dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé, tí ìrora á sì bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn tó ń dínkù gan-an ni ìmòòkùn. Ẹni tó jẹ́ AS, kó sọ ọ́ fún dókítà àti fún olùkọ́ kó tó kan omi.

Lẹ́yìn náà ni ìwẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìmòòkùn sábà máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lúwẹ̀ẹ́ tó mítà 200 láìdúró. Nínú púùlù tó gùn ní mítà 25, àlọ mẹ́rin àti àbọ̀ mẹ́rin nìyẹn. Kì í ṣe eré ìje, ẹ rọra máa lọ. Ohun tí mo kà sí pàtàkì jùyẹn lọ ni kẹ́ ẹ lè dùbúlẹ̀ sórí omi bí òjú oró, kí apá dẹ̀, kí ẹsẹ̀ dẹ̀, kí ọrùn dẹ̀, fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko láìṣe ohunkóhun. Ẹni tí ara rẹ̀ ń le lórí omi, inú omi kọ́ ni ara rẹ̀ ti máa dẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀sà wa dánra wò. Omi rẹ̀ dúdú débi pé ẹni tó ń ṣọ́ yín kò ní rí yín mọ́ bẹ́ ẹ bá ti wọlẹ̀. Àwọ̀n àwọn apẹja wà níbi tẹ́ ẹ ò fọkàn sí, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò láti Ẹ̀bútè lọ sí Èkó ń sáré kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ibi tí wọ́n ti fa yanrìn sì lè jìn lójijì. Àwọn tó ń wa yanrìn mọ ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ sí. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé ni kẹ́ ẹ máa sé èémí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ mí jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, kí ikùn máa gòkè, kó máa sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ wá fa èémí kan tó kún dáadáa, kẹ́ ẹ sì sé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní mọ nǹkan kan. Tó bá yá, á máa ṣe ọ̀fun yín bíi kó gbé nǹkan mì, ooru á mú yín láyà, lẹ́yìn náà iṣan tó wà lábẹ́ àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta kìjí, kìjí, bí ìgbà tí òsúkè bá ń ṣeni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rù, wọ́n á rò pé afẹ́fẹ́ ti tán. Kò tíì tán. Ẹ jẹ́ kó máa ta, kẹ́ ẹ máa wò ó, ìgbà tó bá sú yín kẹ́ ẹ mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ ti tó, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni PADI, ilé iṣẹ́ tó ń fún amòòkùn ní ìwé ẹ̀rí, ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìpele àkọ́kọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wí o. Kì í ṣe inú púùlù, kì í ṣe inú báàfù, bí ẹ bá dá wà.

Agogo tí kò gbọdọ̀ dákẹ́

Ẹ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ọ́síjìn tó ń tán ló ń sọ fún wa pé ká mí. Afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí ara ń ṣe, èyí tí à ń mí sóde, tí wọ́n ń pè ní carbon dioxide, òun ló ń kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń lu agogo fún wa. Bí èèyàn bá ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó wọ omi, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tó máa pẹ́ jù lábẹ́ omi, kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ́síjìn kankan kún èyí tó wà lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí yẹn ló lé jáde. Ó ti so agogo lẹ́nu. Ọ́síjìn á wá máa tán lọ, kò sì sí ohun tó máa ta á lólobó. Á dákú láìsí ìrora, láìsí ìpayà, bí ẹni tó sùn lọ.

Ìgbà tí èèyàn bá ń gòkè bọ̀ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tó bá ku mítà díẹ̀ kó yọ, tàbí lẹ́yìn tó ti gbé orí síta pàápàá. Nísàlẹ̀, omi ń fún ẹ̀dọ̀fóró pọ̀, ó sì ń bá wa ti ọ́síjìn wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí a ṣe ń gòkè, ọwọ́ omi ń dẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ̀ padà, ìwọ̀nba ọ́síjìn tó ṣẹ́kù kò sì lágbára àtiwọ inú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká ní mítà mẹ́wàá lè dákú ní mítà méjì.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má dá wọ omi nìyí. Bí ẹnìkejì bá wà níbẹ̀, tó gbé ojú ẹni tó dákú kúrò nínú omi lójú ẹsẹ̀, ó sábà máa ń jí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á máa béèrè pé kí ló dé. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, omi ló máa fà símú nígbà tí ara rẹ̀ bá tún fẹ́ mí. Òmùwẹ̀ tó gbówọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kú báyìí, inú omi tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni wọ́n sì ń kú sí.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó wọlẹ̀, ẹ mí bí ẹ ṣe ń mí nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó sílé. Ìṣẹ́jú méjì bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fa èémí kan ṣoṣo tó kún. Bí ìka ọwọ́ tàbí ètè bá ń yún yín, tàbí orí ń fò yín fẹ́rẹ́, ẹ ti mí jù. Ẹ dúró kí ara balẹ̀ padà.

Erékùṣù àti olùkọ́

Zanzibar ni mo mọ̀, òun ni màá sọ. Atẹ́gùn ni wọ́n fi ń ka àsìkò níbẹ̀: kaskazi ń fẹ́ láti àríwá ní nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, kusi ń fẹ́ láti gúúsù ní nǹkan bí oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Òjò ńlá wọn, masika, ń bọ́ sí oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún; ẹ má lọ nígbà yẹn. Ní apá ìlà oòrùn, níbi bíi Paje àti Jambiani, òkun máa ń sá jìnnà gan-an, tẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ rìn níbi tí omi kún láàárọ̀. Nungwi tó wà ní ìkángun àríwá kò fi bẹ́ẹ̀ rí báyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ mú yẹ́lò káàdì yín dání: ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá, wọ́n máa béèrè ẹ̀rí àjẹsára ibà pọ́njú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ gbé mi jáde létíkun kò ní okùn, kò sì ní “léfòó”, ìyẹn ohun tó máa ń wà lójú omi tí wọ́n ń so okùn mọ́. Ó ní kí n ṣáà fò sómi, òun á máa wò mí látinú ọkọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá tèmi lọ. Kí ni ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ fẹ́ ṣe fún ẹni tó wà ní mítà márùn-ún nísàlẹ̀? Ẹ wá olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí AIDA (ẹgbẹ́ àwọn tó ń mòòkùn lórí èémí kan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992), tàbí ti àwọn ilé iṣẹ́ ìkọ́ni bíi SSI, PADI tàbí Molchanovs. Ẹ béèrè pé èèyàn mélòó ló ń kó wọ omi lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ju mẹ́rin lọ fún olùkọ́ kan, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ béèrè pé ṣé ó máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gba ẹni tó dákú là. Bó bá rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè yẹn, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ohun èlò

Awò ojú gbọ́dọ̀ bo imú. Gọ́gù tí wọ́n fi ń wẹ̀ ní púùlù kò wúlò, nítorí omi á fún un mọ́ ẹyinjú, kò sì sí ibi tẹ́ ẹ lè gbà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Awò tó bo imú, ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá rọra fi imú fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, ó ti dẹ̀. Bàtà onílẹbẹ́ gígùn, ọ̀pá èémí, aṣọ rọ́bà, àti bẹ́líìtì òjé: ilé ẹ̀kọ́ á fún yín. Bẹ́líìtì yẹn gbọ́dọ̀ ṣeé fi ọwọ́ kan tú, kò sì gbọdọ̀ wúwo débi pé ẹ ò ní léfòó mọ́ bẹ́ ẹ bá mí gbogbo afẹ́fẹ́ síta. Ẹ dán an wò níbi tí omi kò ti jìn.

Etí

Ibí ni mo ti jìyà, ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé rẹ̀.

Lórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run ló ń tẹ̀ wá. Ní mítà 10 nínú omi, ohun tó ń tẹ̀ wá ti di ìlọ́po méjì, ẹ̀dọ̀fóró sì ti sún kì sí ìdajì. Ní mítà 20, ẹ̀dọ̀fóró di ìdá kan nínú mẹ́ta, ní mítà 30, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ wò ó dáadáa: mítà mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn ni ìyípadà ti pọ̀ jù. Òun ló ń mú kí etí dun ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kó tó rìn jìnnà rárá. Omi ń ti ìlù etí sínú, àfi kí èèyàn fi afẹ́fẹ́ láti ọ̀fun tì í padà.

Ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú ni ká di imú, ká fi àyà fẹ́ afẹ́fẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ bí orí bá wà lókè. Bẹ́ ẹ bá ti dorí kodò, kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́, agbára tẹ́ ẹ máa lò sì lè ba etí jẹ́. Ọ̀nà àwọn amòòkùn ni wọ́n ń pè ní Frenzel, ahọ́n ló sì ń ṣe é, àyà kò bá a dá sí i. Ẹ ṣe é báyìí níbi tẹ́ ẹ jókòó sí: ẹ di imú, ẹ pa ẹnu dé, ẹ ti ọ̀fun pa bí ẹni fẹ́ gbé ẹrù tó wúwo, kẹ́ ẹ wá ṣe bí ẹni fẹ́ pe “ká”, láìjẹ́ kí ohùn jáde, kí ẹ̀yìn ahọ́n ti afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́nu gòkè. Ẹ máa gbọ́ “pó” kékeré nínú etí méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ kejì kan àyà, kò gbọdọ̀ mira. Ẹ máa ṣe é nínú bọ́ọ̀sì, ẹ máa ṣe é nígbà tí gó-síló bá mú yín, ọgọ́rùn-ún ìgbà lóòjọ́ kò pọ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ bá fi ṣe èyí ní Ìkòròdú wúlò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ bá fi sé èémí lọ.

Nínú omi, ẹ ṣí etí kí ẹ tó wọlẹ̀, ẹ tún ṣí i bí orí bá ti wọlẹ̀, lẹ́yìn náà ní gbogbo mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dúró dé ìrora. Bí etí kan bá kọ̀, ẹ dúró. Ẹ gòkè díẹ̀, ẹ tún un ṣe. Bó bá tún kọ̀, ó ti parí fún ìgbà yẹn nìyẹn, ẹ yíjú sókè.

Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀fìnkìn díẹ̀ ń ṣe mí lọ́jọ́ kejì, mo fi pamọ́ fún olùkọ́ mi nítorí owó tí mo ti san. Ní mítà mẹ́rin, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti abẹ́rẹ́ bọ̀ mí létí. Mo rò pé bí mo bá tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, á ṣí. Ìrora yẹn kàn dákẹ́ lójijì, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí mi po, n kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́, mo sáà di okùn mú títí olùkọ́ fi gbá mi mú. Nígbà tí mo fọn imú nínú ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Dókítà ní ìlù etí ti ya díẹ̀. Ó jinná, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n n kò kan omi mọ́ nínú ìrìn àjò yẹn. Ọdún kejì ni mo padà lọ parí ẹ̀kọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, bí imú bá dí, ẹ jókòó sí etíkun. Kẹ́ ẹ má sì lo oògùn tó ń ṣí imú láti fi wọ omi: bí agbára rẹ̀ bá tán nígbà tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sínú etí nígbà tẹ́ ẹ bá ń gòkè.

Ìwọlẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ ti jẹun ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, oúnjẹ fífúyẹ́. Ẹ fi ẹ̀bà sílẹ̀ di alẹ́. Olùkọ́ á ti so okùn mọ́ léfòó, á sì fi nǹkan wúwo sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè nà tọ́ọ́rọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ fa ara yín sọ̀ lórí okùn. Ó rọrùn fún etí, ọkàn á sì balẹ̀. Mítà mẹ́ta, ẹ padà. Mítà márùn-ún, ẹ padà. “Pole pole” ni wọ́n máa ń sọ níbẹ̀, ìyẹn ni pé díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ ọ títí ó fi di ohùn inú orí mi.

Bí etí bá ti gbà, ẹ kọ́ ìdorí-kodò. Ẹ dojú bolẹ̀ lórí omi, ẹ yọ ọ̀pá èémí kúrò lẹ́nu, ẹ na ọwọ́ kan síwájú, ẹ tẹ̀ ní ìbàdí bí ẹni kí àgbà, kẹ́ ẹ wá gbé ẹsẹ̀ sókè kúrò nínú omi. Ìwúwo ẹsẹ̀ ló máa tì yín wọlẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gbá omi títí bàtà yóò fi wọlẹ̀ pátápátá. Ẹ má gbé orí sókè wo ìsàlẹ̀. Okùn tó wà níwájú ojú ni kẹ́ ẹ máa wò, nítorí ọrùn tó nà máa ń ti ọ̀nà etí pa, ìsàlẹ̀ á sì máa pè yín.

Níbi tẹ́ ẹ bá ti ronú lẹ́ẹ̀kan pé “ṣé kí n padà?”, ẹ padà. Ẹ rọra gòkè, ẹ má mí afẹ́fẹ́ síta lábẹ́ omi. Bí orí bá yọ, ẹ di léfòó mú, ẹ má kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín: ẹ fa èémí kíákíá, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ jáde, ẹ tún fà, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ yọ awò, kẹ́ ẹ wo ojú ẹnìkejì yín, kẹ́ ẹ ní “ara mi yá”. Kò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò lára yín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ẹ sinmi lórí omi, ó kéré tán ìlọ́po méjì iye àkókò tẹ́ ẹ lò nísàlẹ̀. Ìgbà náà ni yóò kan ẹnìkejì láti lọ, tí ẹ̀yin náà á máa ṣọ́ ọ. Ẹ kì í jọ wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ètè rẹ̀ bá dúdú bíi ti ẹni tí òtútù mú, tí orí rẹ̀ ń mì, tàbí tí kò dáhùn, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kúrò nínú omi, ẹ yọ awò rẹ̀, ẹ gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ojú rẹ̀, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ ní kó mí. Bí kò bá mí, ẹ fi ẹnu fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, kẹ́ ẹ sì ké sí àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Ẹ jọ fi èyí dánra wò kẹ́ ẹ tó lọ sí mítà mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé mítà 12, n kò rò pé mo ṣe nǹkan bàbàrà. Mo kàn dúró lórí okùn, ọwọ́ kan, ó dákẹ́ lọ, mo sì ń gbọ́ ọkàn mi tó ń lù wọ́ọ́rọ́wọ́ọ́rọ́, ó lọ́ra ju bó ṣe ń lù lórí ilẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe máa ń ṣe bí omi tútù bá kan ojú téèyàn sì sé èémí. Ẹja wẹ́wẹ́ kan tó ní ilà dúdú àti ìyeyè wá wò mí. Òkìtì iyùn wà nísàlẹ̀, alààyè, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọba. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi bàtà gbá a.

Nígbà tí mo délé, mo fi bí wọ́n ṣe ń fi ahọ́n ṣí etí han àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi méjèèjì tó ṣì ń wa yanrìn. A jókòó sórí pèpéle, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di imú, à ń ṣe “ká, ká” láìsí ohùn. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ “pó” náà ní ìgbà kẹrin. Bàbá wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó yí etí òsì sí wa, ó ní kí n tún un ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀.